Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣòfin Ìlú: Ẹ Má Ṣe Tú Àwọn Onílàjà Ká Nígbà Tí Ìbọn Bá Dákẹ́

Sí gbogbo olórí ìlú, ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú àti àwọn tó ń ṣètò ìṣúná owó ní àwọn ìlú ńlá tí ìró ìbọn kò jẹ́ kí ará ibẹ̀ sùn.

Ẹ̀yin tí a bọ̀wọ̀ fún,

Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sétí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin lẹ máa ń pinnu lọ́dọọdún iṣẹ́ tí owó ìlú yóò gbé ró àti èyí tí a ó pa tì, bí ìpinnu náà bá sì wọ́, àwọn òbí tó ń sin ọmọ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ iṣẹ́ àwọn tó ń pẹ̀tù sí ìjà ní àdúgbò di iṣẹ́ ìlú tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ panápaná àti iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ẹ má sì ṣe tú wọn ká ní ọdún tí iye òkú bá lọ sílẹ̀, nítorí ọdún yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn ń so èso.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó yé gbogbo wa ni pé àdúgbò tí ìbọn ti ń dún kò kún fún apànìyàn. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ikú àwọn ọ̀dọ́ ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Harvard jókòó ti àwọn ọlọ́pàá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ọ̀dọ́, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro, wọ́n sì ń to ìpànìyàn kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ta ni ó kú, ta ni ó ń bá ta jà, ibo ni ó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ ọmọ ìta 61, tí àpapọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wọn jẹ́ nǹkan bí 1,300, ló wà nídìí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìpànìyàn àwọn ọ̀dọ́, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn 1,300 yìí kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn jọra ní ìlú náà. Nígbà tí ìlú Oakland ní California ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tí wọ́n rí tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún ará ìlú ni ọ̀pọ̀ jù nínú ìpànìyàn so mọ́, yálà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yìnbọn tàbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n yìn ín lù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó ń yìnbọn lónìí ni wọ́n sábà máa ń yìnbọn lù lọ́la, orúkọ kan náà ló sì ń wà nínú ìwé ọlọ́pàá àti nínú ìwé ilé ìwòsàn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé dídá gbogbo ọmọkùnrin tó bá ń rìn ní òpópónà dúró láti tú àpò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà, torí pé nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá tú àpò wọn, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹyọ kan tó mọ ohunkóhun nípa ìbọn, àmọ́ gbogbo wọn ni yóò lọ sílé pẹ̀lú ìbínú. Ohun tí Boston ṣe yàtọ̀. Wọ́n pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà jókòó. Àwọn pásítọ̀ wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìgboro tí wọ́n mọ̀ wọ́n láti kékeré wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba àti ọ̀gá ọlọ́pàá náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n sọ fún wọn lójúkojú pé ìlú fẹ́ kí wọ́n wà láàyè, pé ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìrànwọ́ yóò rí i gbà, àti pé ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ bá tún pa ènìyàn, gbogbo ẹgbẹ́ náà ni òfin yóò dojú kọ. Láàárín ọdún 1991 sí 1995, ìpíndọ́gba àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 24 lọ tí wọ́n ń pa lọ́dún jẹ́ 44. Ní ọdún 1996, ó di 26. Ní ọdún 1997, ó di 15.

Ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, Boston jẹ́ kí ètò náà kú. Kò sí ẹni tó dìde pé òun kórìíra rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n gbé lọ sí ibòmíràn, ìpàdé kò wáyé mọ́, ọkàn ìlú sì lọ sórí àwọn nǹkan mìíràn, nítorí pé òkú kò sí nínú ìròyìn àárọ̀ mọ́. Nígbà tí ó fi máa di àárín ẹ̀wádún náà, ìyìnbọn ti padà wá lọ́nà tó burú, ọdún 2007 ni ìlú tó tún gbé ètò náà dìde. Oakland náà tẹ̀ lé ipa kan náà: ó tún bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní ọdún 2012, iye àwọn tí wọ́n ń pa fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, tí àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 fi sọ ní gbangba pé ìlú ti kúrò lójú ọ̀nà tó ń gbà á là. Ní ìpínlẹ̀ Illinois, owó tí ìjọba ń fún àwọn onílàjà Chicago dáwọ́ dúró ní ọdún 2015 nítorí àríyànjiyàn lórí ìṣúná. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tí wọ́n pa ní ìlú náà ju 750 lọ. Mi ò sọ pé owó tó dáwọ́ dúró yẹn nìkan ló fa gbogbo rẹ̀, nítorí ohun tó ń pa ènìyàn ní ìlú ńlá pọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí iná ń jó, àwọn tó yẹ kí wọ́n gbé omi dání ti lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ náà sún mọ́ yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìṣúná láìrí ojú rẹ̀ rí. Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin ọdún mọ́kàndínlógún kan tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí ọta ìbọn gba itan rẹ̀ kọjá. Ṣòkòtò tí nọ́ọ̀sì fi àlùmọ́gàjí gé kúrò lára rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fóònù rẹ̀ kò yé gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò lè sunkún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: ta ni? Ọkùnrin kan wọlé, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, àpá ọta ìbọn wà lọ́rùn òun náà, ìyá náà sì mọ̀ ọ́n. Kò bi ọmọ náà pé ta ló yìn ín. Ó fa àga, ó jókòó, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí ohun tí wọ́n ṣe fún un ni?"

Ó ní, "Mo rí i. Mi ò ní kí ẹ dárí ji ẹnikẹ́ni. Ẹ fún mi ní alẹ́ òní nìkan."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, yóò padà wá tọrọ alẹ́ kan sí i. Láàárín àkókò náà, yóò ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ẹni tó yìnbọn, yóò ti mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ èébú kan tí wọ́n gbé sórí Instagram lọ, yóò sì máa wá bí wọn yóò ṣe mú ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀ kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa sọ pé ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ tútù ni ọkùnrin yìí ń ṣe, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ bí kò bá ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi lè lé e lọ ní ọdún yìí kí ẹ sì gba ẹlòmíràn ní ọdún méjì sí i. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò ṣeé kọ sínú ìwé kí ẹni tó ń bọ̀ wá kà á.

Dókítà Gary Slutkin, tó ti bá ikọ́ àwúbì àti kọ́lẹ́rà jà ní Sòmálíà kí ó tó padà sí Chicago ní àárín àwọn ọdún 1990, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí ayé gbọ́. Ó wo àwòrán ibi tí ìyìnbọn ti ń ṣẹlẹ̀, ó sì rí i pé ó jọ àwòrán àjàkálẹ̀ àrùn: ìṣẹ̀lẹ̀ kan ń bí òmíràn, ní àdúgbò kan náà, láàárín àwọn tó mọ ara wọn. Ní ọdún 2000, ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní West Garfield Park, ó ń gba àwọn tó ti gbé ayé ìgboro rí láti máa dá ẹ̀san dúró kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti gbà á láti ìgbà náà. Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí náà mi ò ní fi pamọ́ pé kì í ṣe gbogbo ibi ni ó ti yọrí sí rere. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Pittsburgh lórí ètò kan tó jọ ọ́ kò rí ìdínkù nínú ìpànìyàn, kódà ìkọlù pẹ̀lú ìbọn pọ̀ sí i. Ní tèmi, ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ètò tí a kò bá bójú tó, tí kò mọ àwọn tó yẹ kí ó bá sọ̀rọ̀ gan-an, tí kò sì ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, lè máa rìn káàkiri láìdá ìjà kankan dúró. Ó yẹ kí ẹ máa yẹ iṣẹ́ wọn wò dáadáa, bí ẹ ti ń yẹ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún wò.

Bí ẹ bá sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, ẹ yẹ ìgbé ayé wọn wò pẹ̀lú. Ní Baltimore, láàárín oṣù Kìíní ọdún 2021 sí oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n yìnbọn pa mẹ́ta nínú àwọn òṣìṣẹ́ Safe Streets, ètò àwọn onílàjà ìlú náà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò ní ìdánilójú ìtọ́jú ìlera, kò sì ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ó ti rí òkú ọmọ tó mọ̀. Nígbà tí owó ìrànwọ́ bá tán ní òpin oṣù, òun náà tán níbi iṣẹ́. Ó dùn mí gan-an pé a lè sọ fún ọkùnrin kan pé kí ó dúró láàárín ìbọn méjì, kí a má sì lè sọ fún un pé yóò gba owó oṣù ní oṣù tó ń bọ̀.

Ìlú Richmond ní California fi hàn pé èyí ṣeé ṣe lọ́nà mìíràn. Ní ọdún 2007, nígbà tí wọ́n pa ènìyàn 47 ní ìlú kékeré náà, ìgbìmọ̀ ìlú dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ààbò àdúgbò, lọ́tọ̀ sí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlú tó ń gba owó oṣù. Láti ọdún 2010, ọ́fíìsì náà ń wá àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí gbogbo ènìyàn gbà pé wọ́n sún mọ́ ìbọn jù lọ, ó ń bá wọn rìn fún oṣù méjìdínlógún, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe sílẹ̀, ó sì ń fún àwọn tó bá tẹ̀ síwájú ní owó tó lè tó dọ́là 1,000 lóṣù fún oṣù mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí owó yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bínú sí i bákan náà. Àmọ́ ní ọdún 2014, àwọn tí wọ́n pa ní Richmond jẹ́ 11. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé ikú àti ìfarapa láti ọwọ́ ìbọn fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí iye tí wọn ì bá retí bí ètò náà kò bá sí. Ẹ fi iye owó yẹn wé iye tí ìlú ń ná lórí iṣẹ́ abẹ, ilé ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n nítorí ọta ìbọn kan ṣoṣo.

Àwọn onílàjà nìkan kò lè gbé ẹrù yìí. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, ìlú sì ní ọ̀pọ̀ ohun tí ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀. Ní Chicago, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2012, wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama láti àwọn àdúgbò oníwàhálà ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré, wákàtí 25 lọ́sẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún tó tẹ̀ lé e, mímú tí ọlọ́pàá ń mú wọn fún ìwà ipá fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò rí iṣẹ́ náà gbà, ọ̀pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà sì hàn lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà ti parí.

Ti ilẹ̀ ṣófo tún yà mí lẹ́nu jù. Ẹ mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ilé ti wó níbẹ̀, koríko ti ga dé àyà, táyà àti bẹ́ẹ̀dì tó ti ya wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ìbọn pamọ́ tí kò sì fẹ́ kí wọ́n bá a lára òun mọ ibi tí yóò sọ ọ́ sí. Ní Philadelphia, àwọn olùwádìí mú 541 nínú irú ilẹ̀ yìí, wọ́n ṣẹ́ kèké lé wọn, wọ́n kó pàǹtírí kúrò nínú àwọn kan, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ wọn, wọ́n gbin koríko àti igi díẹ̀, wọ́n sì fi ọgbà onígi kékeré yí wọn ká, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ní àwọn àdúgbò tó tòṣì jù, ìwà ipá ìbọn lọ sílẹ̀ ní ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún ní àyíká ibi tí wọ́n tún ṣe. Èyí kò gba ẹjọ́, kò gba ẹ̀wọ̀n, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé òun kò fẹ́ kí a ro ilẹ̀ àdúgbò òun.

Ọ̀rọ̀ òfin kò ṣeé yọ kúrò. Nígbà tí dókítà Rodrigo Guerrero jẹ́ olórí ìlú Cali ní Kòlóḿbíà, wọ́n rí i nínú àkọsílẹ̀ pé ìpànìyàn máa ń pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ owó oṣù àti ní ọjọ́ ọdún, nítorí náà wọ́n fòfin de gbígbé ìbọn jáde ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kódà fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Bogotá, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà, tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ìpànìyàn dín ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ní Cali àti ìdá 13 ní Bogotá ní àwọn ọjọ́ tí òfin náà múlẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó péye ló jẹ́ kí wọ́n mọ ọjọ́ tó yẹ. Bákan náà ni Jonathan Shepherd, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Cardiff ní Wales, ṣe rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń rán ojú ọgbẹ́ wọn ní ilé ìwòsàn ni ọlọ́pàá kò gbọ́ nípa wọn rárá, tí ó fi ṣètò pé kí ilé ìwòsàn máa sọ ibi àti àkókò tí ìkọlù ti ṣẹlẹ̀ fún ìlú láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìgò àti ẹ̀ṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìbọn lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà wúlò fún ẹ̀yin náà. Kí ọlọ́pàá sì máa wádìí ìyìnbọn tí kò pa ènìyàn pẹ̀lú agbára tí wọ́n fi ń wádìí èyí tó pa á, nítorí bí ẹni tó yìnbọn bá ṣì ń kọjá níwájú ilé ẹni tó yìn lù, ẹ̀san ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé owó kò sí. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 ya dọ́là mílíọ̀nù 250 sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí láàárín ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ ìlú sì fi gba òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́ orílẹ̀-èdè náà fagi lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ìrànwọ́ náà láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tó ti ṣètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn sì ní láti dá òṣìṣẹ́ dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú, tí mi ò kọ ọ́ sí ìjọba àpapọ̀. Owó tó bá ti ibi tó jìnnà wá, ìpinnu ibi tó jìnnà náà lè gbé e lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìṣúná ìlú fúnra rẹ̀, ní abala àwọn iṣẹ́ tí kì í dáwọ́ dúró, fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ sì jẹ́ kí owó náà wọlé kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Kí ẹ tó jókòó lórí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ránṣẹ́ pe àwọn onílàjà tó wà ní ìlú yín, àwọn fúnra wọn, kì í ṣe ọ̀gá wọn nìkan. Ẹ bi wọ́n léèrè àdúgbò tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná lọ́wọ́lọ́wọ́, wọn yóò sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí owó oṣù wọn wọlé kẹ́yìn.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ará ìlú kan